Ta Ló Ń Ro Oko Náà? Pushkin, Ilẹ̀ Pskov, àti Ohun Tí Mo Fò Kọjá ní Kíláàsì

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ lòun náà báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ìyá àwọn ọmọ, ó wá ní, "Prof, ẹ ti kó mi sí wàhálà o." Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ń sọ ìtàn Alexander Pushkin fún kíláàsì òun bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn lọ́jọ́sí: pé akéwì tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ga ju gbogbo akéwì wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, pé bàbá tó bí bàbá ìyá rẹ̀, Abram Gannibal, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jí gbé ni, pé Tsar Peter ló ṣe baba ìsàmì fún un, pé ó di ọ̀gágun, àti pé ọba obìnrin Elizabeth ta á lọ́rẹ ilẹ̀ rẹpẹtẹ pẹ̀lú àwọn abúlé tó wà lórí rẹ̀. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọdébìnrin kan ló nawọ́ sókè lẹ́yìn, ó ní, "Mà, àwọn tó wà nínú abúlé yẹn ńkọ́? Ta ló ń ro oko náà?"

Ó ní òun ò rí ìdáhùn. Èmi náà tí mo di fóònù mú, mi ò rí ìdáhùn kíá. Mo ní kó fún mi láàyè.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Mo fi ohun tó lé ní ogún ọdún kọ́ni ní Pushkin, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Nítorí náà, iṣẹ́ ara mi ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Lámèyítọ́ ni mo fi jẹun. Ẹni tó lè tọ́ka sí àṣìṣe ẹlòmíràn, ó yẹ kó lè tọ́ka sí tirẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí: ẹ̀jẹ̀ Pushkin nìkan ni mo kọ́ yín, mi ò kọ́ yín ní ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ilẹ̀ Pskov, tó bá ka ohun tí Pushkin kọ níbẹ̀, ìdajì ló kà.

Ilẹ̀ náà

Ìpínlẹ̀ Pskov wà ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Rọ́ṣíà, ní etí ààlà gan-an. Estonia àti Latvia wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Belarus wà ní gúúsù. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 55,000 kìlómítà níbùú lóròó, àmọ́ ìkànìyàn ọdún 2021 kò rí ju nǹkan bí 600,000 ènìyàn níbẹ̀. Nǹkan bí 190,000 nínú wọn ló ń gbé olú-ìlú, tí òun náà ń jẹ́ Pskov. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Adágún pọ̀ níbẹ̀, àbàtà pọ̀, igbó igi páìnì pọ̀. Kò lọ́ràá bí ilẹ̀ dúdú gúúsù Rọ́ṣíà. Yanrìn wà nínú rẹ̀, ìgbà òtútù sì gùn. Ohun tó máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀ ni ọ̀gbọ̀, èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ, òun sì ni wọ́n fi ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ẹja wẹ́wẹ́ kan wà nínú adágún wọn tí wọ́n ń pè ní snetok. Wọ́n máa ń gbẹ ẹ, wọ́n á sì fi se ọbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọkàn mi lọ sílé.

Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Leningrad, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní St. Petersburg báyìí. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀. Odò Velikaya, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ "odò ńlá", ń ṣàn lọ sí àríwá títí tó fi wọ adágún Pskov. Níbi tí odò kékeré kan, Pskova, ti wá pàdé rẹ̀, òkè olókùúta kan yọ ṣóńṣó sáàárín omi méjèèjì. Orí rẹ̀ ni wọ́n mọ odi sí, Krom ni wọ́n ń pè é, kàtídírà Mẹ́talọ́kan sì wà nínú rẹ̀, ó funfun, ó ga, ènìyàn á ti máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù nínú ìlú kéré, wọ́n rọra jókòó, ògiri wọn nípọn, kò sí ṣekárími lára wọn. Ní 2019, UNESCO fi mẹ́wàá nínú àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní gbogbo ayé.

Ìlú etí ààlà kì í sùn asùn-para. Ọdún 903 ni orúkọ Pskov kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìtàn Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Olga wá fún Igor, ọmọ aládé Kiev, kó fi ṣe aya. Ní 1240, àwọn jagunjagun ẹlẹ́sìn láti Jámánì gba ìlú náà. Ní 1242, Alexander Nevsky lé wọn jáde, ó sì ṣẹ́gun wọn lórí omi dídì adágún Chud. Láti 1581 wọ 1582, Stefan Batory, ọba Pólándì, dó ti Pskov pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ, odi náà kò wó. Ní oṣù kẹta 1917, inú ọkọ̀ ojú irin tó dúró ní ibùdókọ̀ Pskov ni Nicholas Kejì ti buwọ́ lu ìwé pé òun kì í ṣe tsar mọ́. Àwọn ọmọ ogun Hitler gba ìlú náà ní oṣù keje 1941, ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn lọ ní oṣù keje 1944, ìlú sì ti di àlàpà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ ka Pushkin. Agogo kan ni.

Agogo tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀

Láyé àtijọ́, Pskov kò sí lábẹ́ Moscow. Novgorod ló kọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó ti dá dúró. Ìpàdé gbogbo ìlú ló ń ṣàkóso rẹ̀, veche ni wọ́n ń pè é. Tí ọ̀rọ̀ bá dé, wọ́n á lu agogo, àwọn ọkùnrin ìlú á sì pé jọ lẹ́bàá kàtídírà náà. Wọ́n ń pe ọmọ aládé láti ibòmíràn wá ṣe olórí ogun, wọ́n sì ń lé e lọ tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Mi ò sọ pé Párádísè ni o. Àwọn olówó ló ń darí ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin kò sì lóhùn níbẹ̀. Àmọ́ ìlú náà ní ohùn.

Wọ́n tún ní ìwé òfin tiwọn, tí wọ́n kó jọ tán ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àgbẹ̀ tó ń ro oko lórí ilẹ̀ olówó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi olówó náà sílẹ̀ kó máa lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ló lè ṣe é, ní oṣù kọkànlá, kí ààwẹ̀ ṣáájú Kérésìmesì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ san gbèsè ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè lọ. Olówó náà pàápàá kò lè lé e ní ọjọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù kìíní 1510, Vasily Kẹta láti Moscow ní kò sí veche mọ́. Wọ́n sọ agogo náà kalẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Wọ́n kó ọ̀ọ́dúnrún ìdílé tó lẹ́nu láwùjọ kúrò nílùú, wọ́n kó àwọn ará Moscow wá rọ́pò wọn. Ẹni tó kọ ìtàn ọdún náà sínú ìwé ìtàn Pskov, ẹkún ló fi kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé tó dunni jù ni nínú gbogbo lítíréṣọ̀ Rọ́ṣíà àtijọ́. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí: láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, mọ́ǹkì kan ní ẹ̀bá Pskov, Filofei, ló kọ lẹ́tà pé Moscow ni Róòmù kẹta, pé kò ní sí ìkẹrin. Ibi tí Moscow ti pa ohùn mọ́ni lẹ́nu náà ni ọ̀rọ̀ tí Moscow fi gbé ara rẹ̀ ga ti jáde. Ẹni tí wọ́n gbá létí náà ló tún kọrin oríkì.

Ní 1570, Ivan Kẹrin, èyí tí wọ́n ń pè ní Ivan Abanilẹ́rù, pa àwọn ará Novgorod nípakúpa, ó sì kọrí sí Pskov. Wọ́n ní aṣiwèrè Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Nikola ló jáde sí i, ó fi ẹran tútù lọ̀ ọ́ nínú ààwẹ̀. Tsar ní òun kì í jẹran lásìkò ààwẹ̀. Nikola ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ń mu ńkọ́? Tsar sì yípadà, kò pa ìlú náà run bó ṣe pa Novgorod run. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, àmọ́ ará Pskov kankan kò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀.

Eré onítàn náà

Ní 1824, ìjọba lé Pushkin lọ sí oko ìdílé rẹ̀ ní Mikhailovskoye, nǹkan bí 120 kìlómítà sí gúúsù olú-ìlú Pskov, lẹ́bàá odò Sorot. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì ló lò. Wọ́n sọ pé ó máa ń lọ sí ọjà àjọ̀dún lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn mọ́ǹkì ní Svyatye Gory, á jókòó ti àwọn afọ́jú tó ń kọrin ṣagbe, á máa gbọ́. Inú ọgbà àwọn mọ́ǹkì yẹn náà ni wọ́n sin ín sí ní 1837. Ní Mikhailovskoye ló ti kọ eré onítàn Boris Godunov, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1825.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ó rántí bí mo ṣe kọ́ ọ: pé Shakespeare ni Pushkin ń wò. Òótọ́ ni. Mo tún ní ìwé ìtàn Karamzin ló ti rí ìtàn náà. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò sọ ni pé ìwé Karamzin kan náà ló sọ bí agogo Pskov ṣe bọ́, òun náà ló sọ ìtàn Nikola aṣiwèrè. Pushkin ń kà á lórí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí aṣiwèrè Ọlọ́run kan bá wá jáde nínú eré náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Moscow, tó sọ fún tsar lójú gbogbo ayé pé apànìyàn ni, tí tsar kò sì lè fọwọ́ kàn án, kí ni orúkọ rẹ̀? Nikolka. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ka orúkọ yẹn kọjá. Ará Pskov ni, aṣọ Moscow ni wọ́n wọ̀ fún un.

Ìparí eré náà ńkọ́? Nínú ìwé tó jáde ní 1831, wọ́n ti pa ìyàwó àti ọmọkùnrin Godunov, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú hó ìhó ayọ̀ fún tsar tuntun, àwọn ará ìlú sì dákẹ́ lọ gbári. Ó wù mí púpọ̀ láti sọ fún yín pé ìdákẹ́jẹ́ agogo Pskov nìyẹn. Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ká má purọ́: nínú ìwé tí Pushkin fọwọ́ kọ ní Mikhailovskoye, àwọn ará ìlú kò dákẹ́. Wọ́n hó ìhó ayọ̀ bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún wọn. Ìdákẹ́jẹ́ náà, ìgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ló wọlé.

Ṣé àlàyé mi ti wó nìyẹn? Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò rò pé ó wó. Ó kàn yí padà ni. Ẹ wo àwọn ará ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà. Wọ́n ní kí wọ́n sunkún kí Godunov lè gbà láti jọba, ẹnì kan sì ń wá àlùbọ́sà tó máa fi pa ojú kí omi lè jáde. Wọ́n ní kí wọ́n hó, wọ́n hó. Ìhó tàbí ìdákẹ́jẹ́, ẹlòmíràn ló ń sọ àsìkò rẹ̀ fún wọn. Ohun tí kò sí nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni kí ará ìlú pe ìpàdé fúnra rẹ̀. Ní orí ilẹ̀ tí Pushkin jókòó sí, ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé ìparí eré náà ni agogo Pskov. Àìsí agogo ni gbogbo eré náà dá lé.

Ohun tí ẹni tó ń jẹ́ Pushkin sọ

Mo wá padà sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin wa. Nígbà tí mo tún ka eré náà nítorí rẹ̀, mo kan ohun kan tó mú mi fi ìwé náà lélẹ̀.

Ní ilé ọmọ aládé Shuisky, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, ìjòyè kan kù tó ń ráhùn sí Shuisky létí. Afanasy Pushkin lorúkọ rẹ̀. Akéwì náà mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ sínú eré náà ni. Lára ohun tó ń ráhùn lé lórí ni pé Godunov fẹ́ fagi lé Ọjọ́ Yúrì Mímọ́. Ẹ rántí òfin Pskov? Moscow náà ní irú rẹ̀: láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ọjọ́ Yúrì àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá, ni àgbẹ̀ lè fi olówó rẹ̀ sílẹ̀. Láyé Godunov ni ilẹ̀kùn yẹn ń tì, ní 1649 ni òfin wá tì í pa pátápátá. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ di ti ilẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀, wọ́n ta á mọ́ ọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń ta á láìsí ilẹ̀ pàápàá. Kì í ṣe ìwọ̀fà, torí ìwọ̀fà lè san gbèsè kó lọ. Ẹrú ni, kò sí orúkọ mìíràn, ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé àwọ̀ rẹ̀ àti ti olówó rẹ̀ kan náà ni. Títí di 1861 ló wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí Afanasy Pushkin ṣe ń ráhùn. Kò káàánú àgbẹ̀ o. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun kò lè lé ọ̀lẹ kúrò lórí ilẹ̀ òun mọ́, pé ó di dandan kí òun máa bọ́ ọ, pé òun kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn fa òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn wá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé bí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ aládé Dimitri bá ṣèlérí láti dá Ọjọ́ Yúrì padà fún àwọn ènìyàn, nǹkan á bẹ́. Shuisky ní òótọ́ lo sọ.

Ẹ ò rí nǹkan! Akéwì náà, tó jókòó sínú ilé tí àwọn àgbẹ̀ tí kò lè lọ síbì kankan ń bọ́, gbé òtítọ́ ilẹ̀ náà sẹ́nu ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó sọ ọ́ bí olówó ẹrú ṣe máa sọ ọ́. Kò pọ́n ọn, kò fi bò. Ta ló ń ro oko náà? Eré náà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń ro oko náà ló lè wó ìtẹ́, àti pé àwọn ìjòyè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lóru.

Oko Gannibal

Ẹ jẹ́ ká wá fi wé ìwé tí àwa ọmọ Áfíríkà fẹ́ràn jù. Ní 1827, Pushkin padà sí Mikhailovskoye fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan nípa bàbá-ńlá rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló sì sọ ọ́ ní Aláwọ̀ Dúdú Peter Ńlá. Ibrahim, aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀, jẹ́ ọmọlúàbí, ọ̀mọ̀wé, ẹni tí àwọn obìnrin Paris ń wò. Tsar Peter sì ń wá ìyàwó fún un nílé ìjòyè. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì pẹ̀lú omi lójú. Mo ní ẹ wo òǹkọ̀wé aláwọ̀ funfun tó fi iyì fún dúdú, kí ọ̀pọ̀ nínú Yúróòpù tó ronú bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ tí ẹ bá tún un kà báyìí, ẹ ó rí i pé Ibrahim kò ní oko. Kò ní ìránṣẹ́ kan tó lórúkọ dáadáa. Ní Paris àti Petersburg nìkan ló ń gbé. Gannibal tòótọ́ rí báyìí: nígbà tí Peter kú ní 1725, wọ́n lé e lọ sí Síbéríà, ó padà, ó fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ ní 1731, Peter ti kú tipẹ́, ìgbéyàwó náà sì di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ tí obìnrin náà jìyà nínú rẹ̀. Ní 1742, Elizabeth fún un ní ilẹ̀ Mikhailovskoye àti agbègbè rẹ̀ ní Pskov, tòun tàwọn ènìyàn orí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú di olówó ẹrú. Ìtàn àròsọ náà fò ó. Èmi náà fò ó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwádìí nípa ibi tí Gannibal ti wá ṣe pàtàkì. Fún ìgbà pípẹ́ wọ́n ní ará Etiópíà ni, Dieudonné Gnammankou, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa níbí, ló wá tẹ ìwé kan jáde ní 1996 tó fi jiyàn pé Lagon tí Gannibal fẹnu ara rẹ̀ pè ní ìlú òun, Logone ni, ní ìhà gúúsù adágún Chad, ní Kamẹrúùnù òní, àti pé ọ̀rọ̀ FUMMO tó wà lára àmì ìdílé rẹ̀, èdè Kòtókò ni. Ọ̀pọ̀ ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ Áfíríkà ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bọ̀ kọ́ ni òpin ìtàn wa. Ohun tí a ṣe nígbà tí a débẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Rọ́ṣíà náà ní fífò tiwọn. Tí ẹ bá dé Mikhailovskoye, wọ́n á mú yín wo ilé akéwì. Ilé náà kì í ṣe ilé náà. Wọ́n dáná sun oko náà ní 1918, ogun tún pa á run, èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún un kọ́. Àwọn àgbẹ̀ kò wulẹ̀ máa dáná sun ilé olówó bí inú wọn bá dùn sí i. Wọ́n á tún mú yín wo yàrá Arina Rodionovna, ìyá àgbà tó tọ́ Pushkin, tó sọ àlọ́ fún un lóru òtútù, tí Pushkin fi àwọn àlọ́ náà ṣe ewì. Gbogbo ọmọ iléèwé Rọ́ṣíà mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1758 ni wọ́n bí i, ní ẹ̀bá Petersburg; ọdún kan lẹ́yìn náà, Gannibal ra ilẹ̀ tí abúlé rẹ̀ wà, ó sì ra àwọn ènìyàn inú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ọwọ́ náà wà nínú ọjà.

Ó tún ku ẹnì kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lára àwọn ẹrú oko Mikhailovskoye, Olga Kalashnikova. Pushkin fún un lóyún. Ní 1826, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Moscow pé kó bá òun bojú tó ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ọ̀hún. Ọmọ tó bí kú ní jòjòló. Ọmọ-ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n jí gbé ní Áfíríkà ló ṣe é. Mi ò sọ ọ́ láti fi ba akéwì náà jẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ìgbà tí ó ń kọ Boris Godunov tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán ni, lórí ilẹ̀ kan náà.

Àtakò kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ máa gbé dìde. Ẹ máa ní, "Prof, ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Gbogbo olówó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ayé ìgbà yẹn ni mo máa fi dá Gannibal láre, mi ò lè tún máa fi ẹkún ka bí wọ́n ṣe jí i gbé, torí ayé ìgbà yẹn náà nìyẹn. Òṣùwọ̀n kan la gbọ́dọ̀ fi wọn méjèèjì. Ohun tó sì jẹ́ kí Pushkin tóbi lójú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni pé nínú eré onítàn rẹ̀, òṣùwọ̀n kan ló lò. Ìtàn àròsọ nípa dúdú náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó ṣe ojúsàájú fún ìdílé òǹkọ̀wé. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi lè parí rẹ̀. Eré náà kò ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Pushkin.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Níbi tí mo ti kọ "Pushkin, ọmọ wa", ẹ kọ Pskov sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ 1510 síbẹ̀, ẹ kọ Ọjọ́ Yúrì síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ gbé ìtàn Ibrahim sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Boris Godunov.

Mo pe olùkọ́ náà padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó sọ fún ọmọdébìnrin yẹn pé ìbéèrè rẹ̀ dára, pé èmi àgbà ni mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Àwọn tó ń ro oko náà kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ìwé ìkànìyàn àwọn olówó, níbi tí wọ́n ti kà wọ́n mọ́ dúkìá. Méjì nínú wọn a mọ̀ dáadáa: Arina, tó sọ àlọ́, àti Olga, tí wọ́n fi lẹ́tà lé lọ́wọ́. Ó ní òun á sọ fún un. Ó ní ọmọ náà ti tún ní ìbéèrè mìíràn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Gannibal rántí ìgbà tí wọ́n jí òun gbé ní ọjọ́ tó ń ra abúlé.

Mo ní kó fún mi láàyè díẹ̀ sí i.